Ọdún 11 pẹ̀lú Pontiac GTO 1968 mi: ẹ bèèrè bó ṣe ń dúró kẹ́ ẹ tó bèèrè bó ṣe ń sáré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò mọ́tò mi àtijọ́ síta, pé ṣé kẹ́yin náà ra muscle car (mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ tí ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ̀) àbí kẹ́ ẹ má rà á, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é sọ lórí ìdúró. Pontiac GTO 1968 lèmi ní. Oṣù karùn-ún 2010 ni mo rà á, 2021 ni mo tà á, ilé wa níbí ní Michigan, lápá àríwá Detroit, ló ń sùn ní gbogbo ọdún yẹn. Àwọ̀ ewé dúdú tí wọ́n ń pè ní Verdoro Green ni, ẹ́ńjìnnì V8 oní-400 cubic inch, ìyẹn lítà 6.6. Camry ìyàwó mi jẹ́ 2.5, torí náà ẹ́ńjìnnì Camry méjì àtààbọ̀ ló wà nínú ẹyọ kan yẹn. Tó bá jẹ́ ìdáhùn kíákíá lẹ̀ ń wá: bẹ́ẹ̀ ni, màá tún un rà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbé e délé gan-an ni màá tú bíréèkì ẹ̀ dànù.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ ná kẹ́ ẹ má bàa rò pé olówó ni mí. Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí, 504 ni bàbá mi ń wà, Sátidé tí wọ́n bá ti ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Lafenwá èmi ni mo máa ń bá wọn lọ, èmi ni mo máa ń na sípánà sí mẹkáníìkì lábẹ́ mọ́tò, 10, 13, 17, kó tó dárúkọ ẹ̀ mo ti na ọwọ́. Òórùn ọ́ìlì ò ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí mo dé Michigan ní 1998 mo ríṣẹ́ ní fáktírì kan tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò mọ́tò, àwọn àgbà ibẹ̀, tó bá ti dìgbà oúnjẹ ọ̀sán báyìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ayé ìgbà èwe wọn ni, ta ló na ta ni lórí títì Woodward, ta ló fi Chevelle gbéra tí ẹlòmíì ń jẹ eruku ẹ̀. Ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ ò yé mi, mo kàn ń wo bí ojú wọn ṣe ń dán ni. Ọdún 12 lẹ́yìn náà lowó tó pé.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rà, irọ́ funfun báláú ni. GTO lẹni tó ń tà á pè é, wọ́n lẹ GTO mọ́ ọn níwájú lẹ́yìn, gbogbo ara ẹ̀ ń kọ mànà bíi bàtà ọdún. Bàbá kan wà lójúkojú ilé wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ Pontiac, Bàbá Gíríìsì lèmi àtìyàwó mi ń pè wọ́n láàárín ara wa (wọn ò mọ̀ títí dòní), àwọn ni wọ́n bá mi lọ. Bàbá yìí ò wo ẹ́ńjìnnì, wọn ò wo àwọ̀, wọ́n kàn tẹ̀ba síbi gíláàsì iwájú lápá dírẹ́bà, wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n gbórí sókè wọ́n ní ká máa lọ. Ìgbà tá a wọ mọ́tò tiwa ni wọ́n tó là á yé mi. GTO 1968 tó bá jẹ́ ojúlówó, 242 ni nọ́ńbà ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, eléyìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 237, LeMans ni. Ara kan náà ni wọ́n lóòótọ́, ẹnì kan ló wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, ó wá fẹ́ gba owó ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mi. Torí náà ẹ ka nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìtàn tí oní-mọ́tò ń sọ. Ilé iṣẹ́ kan tún wà tó ní ẹ̀dà ìwé fáktírì Pontiac láyé ọjọ́un, PHS ni wọ́n ń pè é, ẹ san owó díẹ̀, wọ́n á fi ìwé tó sọ bí mọ́tò yín ṣe kúrò ní fáktírì ránṣẹ́. Tèmi, ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń kó lọ Florida ni mo ti rà á, 19,500 dọ́là, 242, ìwé ẹ̀ sì bá ara ẹ̀ mu.

Ọdún tí mo rà á yẹn náà ni Pontiac kú pátápátá. 2009 ni GM (General Motors), ilé iṣẹ́ tó ni Pontiac, ti kéde pé àwọn ń pa á tì, nígbà tí oṣù kẹwàá 2010 fi máa parí kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta tuntun mọ́. Bàbá Gíríìsì ò fẹ́ kí n mẹ́nu kàn án. Àtìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ, wọ́n á jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú gáréèjì mi, wọ́n á máa pa á nítàn. Wọ́n ní òfin kan wà tí GM ṣe pé mọ́tò tí ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ò gbọdọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tó ju 330 cubic inch lọ. John DeLorean tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní Pontiac, pẹ̀lú Bill Collins àti Russ Gee, wọ́n wo Tempest, mọ́tò wọn tí ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, wọ́n wo ẹ́ńjìnnì 389 tó wà nínú mọ́tò ńlá wọn, wọ́n rí i pé ó wọ̀ ọ́ geere. Òfin ní mọ́tò irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ní ẹ́ńjìnnì ńlá, àwọn náà ní rárá o, mọ́tò kọ́ là ń tà, àfikún ni, oníbàárà tó bá wù ló máa sanwó ẹ̀. Wọ́n yá orúkọ Ferrari, wọ́n pè é ní GTO, 1964 nìyẹn. 5,000 ni wọ́n rò pé wọ́n máa tà, wọ́n ta 32,450. Nígbà tó fi di 1968 tí wọ́n ṣe irú tèmi, 87,684 ni wọ́n tà. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí ẹni tó bá ń sọ fún yín pé GTO 1968 ṣọ̀wọ́n, owó ló fẹ́ fi lé e.

Imú ẹ̀ nìkan tó ohun tí wọ́n ń sanwó wò. Mọ́tò ayé ìgbà yẹn, irin dídán ni bọ́m̀pà wọn, ti GTO 1968 ò rí bẹ́ẹ̀, ohun kan bíi rọ́bà ni wọ́n fi bò ó, Endura lorúkọ ẹ̀, wọ́n wá kun ún ní àwọ̀ ara mọ́tò, ó wá dà bíi pé mọ́tò ò ní bọ́m̀pà rárá. Wọ́n polówó ẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń fi òòlù lù ú, kò tẹ̀. Èmi ò lu tèmi ní òòlù o, ṣùgbọ́n mo ti fi í sọ òpó gáréèjì lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń wọlé, ó tẹ̀ wọnú, ó tún rọra yọ padà, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Gíá ẹ̀ sì tún ni. Ọ̀pá gíá tèmi jẹ́ Hurst tí wọ́n ń pè ní Dual-Gate, ọ̀nà méjì ló ní, ọ̀kan ẹ fi í sí D ẹ jókòó jẹ́jẹ́, èkejì ẹ fọwọ́ ara yín máa já a, 1, 2, 3. Àwọn tó ń ta á nígbà náà sọ ọ́ ní "His and Hers," pé ti ọkọ àti ti aya. Ni mo bá ń fi yangàn lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, mo ń ṣàlàyé fún ìyàwó mi. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Bàbá Táyé, èwo wá ni ti aya níbẹ̀?" Mo ní èyí tó ń já ara ẹ̀. Wọ́n ní "Ẹ bọ́ sílẹ̀." Wọ́n jókòó, wọ́n fi sí ti ọkọ, wọ́n wà á yí àdúgbò po, gbogbo gíá ni wọ́n já dé òkè kí wọ́n tó yí i padà. Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya nínú mọ́tò yẹn mọ́.

Sítáàtì ẹ̀ ní ètùtù tiẹ̀. Ẹ ò kàn ní yí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ máa lọ bíi mọ́tò ìsinsìnyí. Tó bá ti sùn mọ́jú, ẹ tẹ iná dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á kọ́ wúú-wúú-wúú, kò ní dáhùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, epo á kún kábúrétọ̀ dé ọrùn, ẹ máa dúró ogún ìṣẹ́jú kí gbogbo òórùn epo yẹn tó lọ. Bàbá Gíríìsì ló kọ́ mi. Wọ́n tún kọ́ mi ní kọ́ńtáàtì, ohun kékeré tó ń já iná fún púlọ́ọ̀gì, bí wọ́n ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo ẹ̀, àtibí wọ́n ṣe ń fetí tẹ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fọwọ́ kan skúrúù kan lára kábúrétọ̀. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ kó tó mọ́ mi lọ́wọ́.

Nítorí kábúrétọ̀ yẹn gan-an lèmi ṣe ní màá tún un rà. Quadrajet ni, ihò mẹ́rin ló ní, méjì iwájú kéré, méjì ẹ̀yìn tóbi bí ẹnu agolo mílíìkì. Tẹ́ ẹ bá ń rọra lọ, àwọn kékeré nìkan ló ń mí, mọ́tò á máa kùn bí ológbò tó yó. Ẹ wá dé títì tó já gaara, ẹ tẹ iná dé ilẹ̀, àwọn ńlá méjì ẹ̀yìn á là gbàmù, ẹ ó gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé níwájú yín, HÙÙÙÙÙ, imú mọ́tò á gbéra sókè, ìdí ẹ̀ á wólẹ̀, àwọn ọmọ mi tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹnì kan ní kí n tún un ṣe, ẹnì kan ní kí n má ṣe é mọ́. Mo ti wọ mọ́tò tó yá ju ìyẹn lọ, n ò tíì gbọ́ èyí tó dún bẹ́ẹ̀.

Torí ká má purọ́ fúnra wa, kò yá tó bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n kọ agbára ẹṣin 350 sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nígbà yẹn? Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì nìkan lé, kò gbé fáànù, kò gbé sàlẹ́ńsà tó máa gbé lójú títì, bí ẹni gbé ara ẹ̀ lé ìwọ̀n láì wọ aṣọ. 1972 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó ń gbé, nọ́ńbà gbogbo ẹ̀ wá wálẹ̀ wìì. Táyé ọmọ mi, ọmọ ọdún 19, fi Accord V6 àlòkù ẹ̀ gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ kan, ìdí Accord yẹn ni mo ń wò lọ. Ó délé ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Mi ò bínú jàre, ta ló bínú.

Ó yá, bíréèkì. Lọ́dún 1968, bíréèkì disc níwájú, irú èyí tó wà lára mọ́tò ìsinsìnyí, jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa sanwó lọ́tọ̀ fún, ẹni tó kọ́kọ́ ra tèmi ò sì san án, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mọ́tò yìí wúwo ju 3,500 pọ́ùn lọ. Èmi tí ẹnu mi ń hó nípa ẹ́ńjìnnì, oṣù méjì gbáko ni mo fi wà á tí mi ò tú ẹsẹ̀ ẹ̀ wò. Oṣù keje 2010, Kẹ́hìndé ọmọ mi obìnrin ló jókòó tì mí, a wà lórí Woodward ní Royal Oak, bíi máìlì 45, ọkọ̀ iwájú wa dédé dúró. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi lọ, mọ́tò ò gbọ́. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó wá gbọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló gbọ́, imú ẹ̀ fà sápá ọ̀tún, mo ń fa stíárìn sósì, tàyà ń ké, ọmọ ń pe "Dádì, Dádì," kò ju fífẹ̀ ọwọ́ kan tó kù kí n wọnú búútù ẹni ẹlẹ́ni. Mo wọ ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa á, n ò lè sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀bi mi ni, bàtà bíréèkì ẹ̀ ti jẹ tán lápá kan. Ṣùgbọ́n kódà nígbà tí mo tún un ṣe tó dọ́gba, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì yẹn líle lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, á gbóná, á rẹ̀ ẹ́. Tó bá kó omi òjò, ẹ máa kọ́kọ́ ka orúkọ Ọlọ́run kó tó dì í mú. Ní oṣù kẹsàn-án ni mo fi disc síwájú, bíi 700 dọ́là lohun èlò, èmi àti Bàbá Gíríìsì la so ó fúnra wa. Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹ má yí nǹkan kan padà, pé á bu owó ẹ̀ kù. Ẹ ní kí wọ́n wá jókòó síwájú.

Ohun kejì tó máa jẹ owó yín ni ìpẹtà. Níbí, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì tí yìnyín bá bọ́, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin. Ọ̀gbẹ́ni Florida ti ní kò sí ìpẹtà kankan lára ẹ̀, Bàbá Gíríìsì wo abẹ́ ẹ̀ wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la gbàgbé ká ká kápẹ́ẹ̀tì búútù. Oṣù kẹta lẹ́yìn tí mo rà á ni mo ká a: ẹnì kan tó ti ní in rí ti fi ìwé ìròyìn dí ihò, ó da pọ́tì lé e, ó kùn ún. Ìwé ìròyìn! Mo tilẹ̀ ka ìpolówó ẹran tó wà nínú ẹ̀. Panẹ́bítà tí mo gbé e fún sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oṣù mẹ́sàn-án ló lò, mo ń pè kò ń gbé e, ìgbà tí mo bá wá lọ á ní irin ò tíì dé, àfi bíi pé mo wà ní Lafenwá lẹ́ẹ̀kan sí i. 4,200 dọ́là. Látìgbà yẹn, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin, kò fi imú kan ìta. Mo máa ń kún táǹkì ẹ̀, mo máa ń da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i, mo á yọ bátìrì, mo á di ẹnu sàlẹ́ńsà torí eku. Ọdún kan mo gbàgbé ẹnu sàlẹ́ńsà, ìdílé eku kan fi fóòmù àga mi bí ọmọ.

Epo ńkọ́? Ẹ má bèèrè. Máìlì 10 sí gálọ́ọ̀nù kan, tẹ́ ẹ bá ń ṣe jẹ́jẹ́ 12. Epo olówó gọbọi, 93, ló ń mu torí bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀, 10.75 sí 1, tẹ́ ẹ bá fún un ní 87 á máa dún kán-kán-kán bí ẹni ń gún ata nínú irin. Epo òde òní sì ní ethanol nínú, ó ń jẹ rọ́bà àtijọ́, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan mo rí i tí epo ń kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóna, ara mi bù màṣọ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ́ìlì náà, ẹ wá èyí tí zinc pọ̀ nínú ẹ̀, mẹkáníìkì kan tí mo gbé e fún nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn mí da ọ́ìlì mọ́tò tuntun sí i, camshaft, irin tó ń ṣí fáàfù inú ẹ́ńjìnnì, jẹ tán láàárín ọdún kan, 1,800 dọ́là, ó ní ọ́ìlì lọ́ìlì ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin tó wà ní Michigan ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Nọ́ńbà mọ́tò àtijọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún mọ́tò tó ti ju ọdún 25 lọ, àfihàn àti ìwọ́de ni wọ́n ní ẹ fi máa wà á, àmọ́ tó bá ti di oṣù kẹjọ, ẹ wà á bó ṣe wù yín. Sátidé kẹta oṣù yẹn ni Woodward Dream Cruise, láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe é. Títì yẹn, láti Ferndale lẹ́gbẹ̀ẹ́ Detroit títí dé ìlú tó ń jẹ́ Pontiac gan-an níbi tí wọ́n ti ṣe tèmi, á kún fún mọ́tò àtijọ́, àwọn èèyàn á gbé àga jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni ń wo eégún. Ọdún 2014 a gbé ara wa jáde, èmi, ìyàwó mi, àwọn ìbejì, gbogbo wa wọ ànkárá kan náà, wọ́n ń yàwòrán wa ju mọ́tò lọ. Kò ní AC, ooru mú wa, wíńdò kékeré onígun mẹ́ta tó wà níwájú, èyí tí wọ́n yọ kúrò ní 1969, ẹ yí i sí ara yín, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí yín láyà, mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi pa nǹkan yẹn tì. Gó-sílóò yẹn pọ̀ débi tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní Birmingham, ìlú kan lójú títì yẹn. Kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán, ọkùnrin mẹ́fà tí mi ò mọ̀ rí ti yí mi ká, ẹnì kan gbé omi, ẹnì kan gbé aṣọ, àgbà aláwọ̀ dúdú kan kàn wò ó títí, wọ́n ní ẹ̀rìyà rédíò mi kì í ṣe ti 1968. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìnṣọ́ránsì ẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tó jẹ́ pé mọ́tò tẹ́ ẹ kì í fojoojúmọ́ wà ni, ti ọdún kan gbáko ò tó ohun tí mò ń san lórí Camry fún oṣù méjì. Ẹ̀yà ara ẹ̀ náà wà dáadáa, torí Chevelle, Cutlass àti Skylark ọdún yẹn jọ pín egungun kan náà pẹ̀lú ẹ̀ ni, wọ́n ṣì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ní tuntun. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ti Pontiac ni, kì í ṣe ti Chevrolet, ẹni tó bá ní ti Chevrolet máa wọ̀ ọ́, ẹ yáa sá fún un.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Bíréèkì ló mú ọ̀kan lọ.

Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ló jẹ́ kí n tà á. Ẹni tó bá máa ní mọ́tò yìí gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ẹ̀, èmi ò sì lè wọ abẹ́ nǹkan kan mọ́. Táyé ní òun ò fẹ́, Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ ṣùgbọ́n òun ò ní gáréèjì. Mo tà á ní 31,000 dọ́là fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Flint, tẹ́ ẹ bá ro owó tí mo ti ná sí i mọ́ ọn ẹ ó rí i pé mo pàdánù. Mo fún un ní irin pẹlẹbẹ tí mo fi ń wọn kọ́ńtáàtì, mo sì kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé fún un, ojú ìwé mẹ́rin. Oṣù kẹrin tó lọ ó tún pè mí láàárọ̀ Sátidé, ó ní mọ́tò kọ̀, kò gbọ́, ó ń rùn.

Mo ní ẹ̀ẹ̀melòó lo tẹ̀ ẹ́?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo ní lọ mu tíì, kó o padà wá tó bá tó ogún ìṣẹ́jú.